Wáyà Orí Ìlà Funfun

Ìyá Sípáná fi ẹsẹ̀ òsì tẹ róòlù wáyà mọ́lẹ̀, ó di etí wáyà náà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sójú títì, ó ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ bó ti ń fà á jáde. Wáyà bíréèkì ni, irú èyí tó máa ń sá pamọ́ sínú rọ́bà dúdú lára kẹ̀kẹ́. Èyí kò tíì wọ rọ́bà kankan; ó ń dán yinrinyinrin. Nígbà tí ìgbésẹ̀ pé mẹ́rìnlá, ó dúró, ó fi ẹ̀mú gé e, ó sì gbé ojú súnmọ́ ibi tó gé láti wò ó bóyá àwọn fọ́nrán rẹ̀ ti tú. Wọ́n ti tú díẹ̀. Ó yí wọn pọ̀ padà, ó fi òjé díẹ̀ dì wọ́n lẹ́nu, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tètè tutù.

"Àǹtí, kẹ̀kẹ́ wo ni bíréèkì ẹ̀ gùn tó báyìí?" Ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀ ló béèrè, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ẹ̀fúùfù. Ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ tó fi ń gbé búrẹ́dì kiri, ó fi ẹsẹ̀ kan ti ògiri.

"Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó àwọn tí kì í jẹ́ kéèyàn ṣiṣẹ́ kúrò nílẹ̀," ni Ìyá Sípáná dá a lóhùn. "Sọ̀ kalẹ̀, kó o bá mi di etí yìí mú. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló kù kí ìdíje tó dé."

Páànù mẹ́fà àti igi mẹ́rin ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Sípáná, ó fara ti ògiri pápá ìdíje kẹ̀kẹ́. Bí òjò bá ń bọ̀, inú ṣọ́ọ̀bù náà ló ti máa ń kọ́kọ́ rọ̀ kó tó rántí ìta. Ṣùgbọ́n ibi tó wà dára. Ẹni tó ń lọ sí pápá á kọjá níwájú rẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ á tún kọjá, táyà kò sì mọ àsìkò tó fi ń jò. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ó tú kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ kan láti mọ ohun tó ń ké nínú rẹ̀, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta tún un tò. Nígbà tó tò ó tán, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ṣẹ́kù nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà sì ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lọ́dọọdún, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ wá oúnjẹ òòjọ́ wọn, ẹni tó ń pín lẹ́tà, ẹni tó ń gbé búrẹ́dì, ẹni tó ń kó ìwé ìròyìn kiri, máa ń pàdé ní pápá náà, wọ́n á sáré yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ife ìdẹ kan ni wọ́n ń dù. Lọ́dún tó kọjá, ife ìdẹ kan ṣoṣo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àdúgbò ká. Ẹ̀fúùfù àti ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọn kì í pè ní nǹkan míì ju Apínlẹ́tà lọ jọ dé ìlà funfun ní ìṣẹ́jú kan náà. Apínlẹ́tà wà lápá ọ̀dọ̀ adájọ́, Ẹ̀fúùfù wà lápá òdìkejì. Adájọ́ ní Apínlẹ́tà ló gbà á, pé ohun tó fi ṣáájú kò ju ìnípọn táyà lọ. Àwọn tó dúró lódìkejì ní irọ́ gbuu, Ẹ̀fúùfù ni. Kí a tó ṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ ti di bóò lọ o yà mí. Àga ń fò lókè. Fìlà ọkùnrin kan fò lọ lọ́jọ́ náà, títí dòní kò tíì padà wálé.

Lọ́jọ́ kejì, alábòójútó pápá pe gbogbo wọn jọ. Ọkùnrin kan ni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀ tó kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìbàdí.

"Ẹ máa sá ti ọdún tó ń bọ̀," ló wí. "Bí ìjà bá tún ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tó ṣe ipò kìíní, mo máa da ọ̀dà sórí pápá yìí, á di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọkọ̀ kì í bá ara wọn jà lórí ipò."

Ìyá Sípáná gbọ́, ó sì rò ó délẹ̀. Bí pápá bá lọ, kẹ̀kẹ́ á bá a lọ. Bí kẹ̀kẹ́ bá lọ, ohun tó máa ṣẹ́kù fún òun ni páànù mẹ́fà, igi mẹ́rin, àti òjò.

Adájọ́ tí wọ́n bú lọ́jọ́ náà ni Tíṣà Àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Òun ló kọ́ Ìyá Sípáná ní kíláàsì kẹta, ìyẹn ọdún tó kẹ́yìn tó lò nílé ìwé. Ó gbìyànjú láti pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ náà ní ìpàdé yẹn, ó sì fi òwe Òyìnbó pẹ̀tù sí i, bó ti máa ń ṣe.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ni àwọn Òyìnbó ń pè ní *down to the wire*," ló wí. "Títí dé ìdí wáyà. Ìyẹn ni pé ìdíje le débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó máa borí, àfìgbà tí wọ́n dé orí ìlà gan-an."

"Wáyà wo, sà?" Ìyá Sípáná ló béèrè láti ẹ̀yìn.

Tíṣà Àgbà wò ó lókè awò ojú rẹ̀. "Àkànlò èdè ni, ọmọ mi. Kò sí wáyà kankan."

"Sà, bí a bá ní ẹnì kan fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ṣebí ẹsẹ̀ ló fi sá lóòótọ́. Àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yẹn, wáyà kan ní láti wà lójú wọn. Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

Tíṣà Àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ yẹn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè. "Bó o ṣe máa ń dààmú mi ní kíláàsì kẹta náà nìyí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Lọ wádìí ẹ̀ wá."

Ó lọ wádìí ẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́ta ló fi jókòó sílé ìkàwé, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá ibi tí táyà ti jò. Nínú ìwé àtijọ́ kan tó dá lórí eré ẹṣin ló ti rí i. Àwòrán kan wà níbẹ̀: ẹṣin méjì ń bọ̀, imú sí imú, àwọn ọkùnrin tó dé fìlà gogoro dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fọ́nrán tín-ín-rín kan sì nà kọjá lókè ọ̀nà.

"Nílẹ̀ Amẹ́ríkà ni," ló ń ṣàlàyé fún Ẹ̀fúùfù báyìí bí wọ́n ti ń ká wáyà náà wọ pápá. "Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n á na wáyà lókè ibi tí eré ẹṣin parí sí, adájọ́ á jókòó síbi gíga kan, á máa wo wáyà. Imú ẹṣin tó bá kọ́kọ́ dé abẹ́ ẹ̀ ló gbà á. Bí ẹṣin méjì bá wá ń bá ara wọn fà á, tí ọ̀kan ò já èkejì sílẹ̀ títí dé abẹ́ wáyà, wọ́n á ní eré yẹn dé ìdí wáyà."

"Nítorí imú ẹṣin?"

"Nítorí imú ẹṣin. Látorí ẹṣin ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sórí bọ́ọ̀lù, ó bọ́ sórí ìbò, ó bọ́ sórí ìdánwò. Nígbà tí kámẹ́rà dé, iṣẹ́ wáyà dínkù. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti tú wáyà náà kúrò, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló ṣì so kọ́ síbẹ̀."

"Ẹ̀yin wá fẹ́ gbé wáyà padà sídìí ọ̀rọ̀."

"Ohun tó bá ti ṣiṣẹ́ rí, kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́," ni Ìyá Sípáná wí. "Mú ṣọ́bìrì wá."

Ó ri òpó irin méjì mọ́lẹ̀, ọ̀kan ní ìkángun kọ̀ọ̀kan ìlà funfun tó dábùú ọ̀nà eré náà, ó sì fi òkúta há ìdí wọn. Ó na wáyà láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, ó fà á títí tó fi ń dún bí èèyàn bá fi ìka ta á. Ìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, àárín wáyà náà ti tẹ̀ wálẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.

Ẹlòmíràn ì bá bínú. Ìyá Sípáná fa àga kan, ó jókòó síwájú wáyà náà bí ẹni ń wo eré orí ìtàgé. Ó tú u, ó wọ̀n ọ́n. Ohun tó fi gùn sí i kò ju ìdajì ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Oòrùn pa irin, irin na ara bí ológbò. Ìdajì ẹyọ ìrẹsì lápá ẹ̀gbẹ́, ìbú àtẹ́lẹwọ́ lápá ìsàlẹ̀! Inú rẹ̀ dùn sí i débi pé ó wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún, kò rí ẹnì kankan àfi ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀. Ọkùnrin náà tẹ́tí sí i dópin kó tó sọ pé táyà òun ló jò.

Lẹ́yìn tó lẹ táyà náà tán, ó tún ọ̀rọ̀ wáyà ṣe. Ó so etí kan mọ́ òpó kìíní pinpin. Lórí òpó kejì, ó de rímù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan tí kò ní táyà mọ́, ó gbé wáyà gba inú kòtò tí táyà máa ń jókòó sí lára rímù náà, ó sì so garawa yanrìn kan rọ̀ sí etí rẹ̀. Bí oòrùn bá na wáyà, garawa á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Bí òtútù bá sún un kì, garawa á gòkè díẹ̀. Wáyà fúnra rẹ̀ kò ní tẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ ọ̀sán, ì báà jẹ́ àárọ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan gééré, ó ránṣẹ́ pe Tíṣà Àgbà, Apínlẹ́tà àti Ẹ̀fúùfù wá dán an wò. Kí wọ́n tó dé, ó ti gbé kẹ̀kẹ́ méjì sórí ìlà funfun náà, ọ̀kan nítòsí ibi tí adájọ́ máa ń jókòó sí, ọ̀kan lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì fi pákó gígùn kan tẹ́ iwájú táyà wọn dọ́gba rẹ́gírẹ́gí. Ó yọ pákó kúrò, kò sọ fún wọn.

"Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí, sà," ló sọ fún Tíṣà Àgbà. "Ìwọ Apínlẹ́tà, dúró síbi tó bá wù ọ́. Ẹ wo wáyà, ẹ sọ kẹ̀kẹ́ tó ṣáájú fún mi."

Tíṣà Àgbà jókòó, ó nu awò ojú rẹ̀. "Èyí tó wà nítòsí ló ṣáájú. Kò ṣòro."

Apínlẹ́tà wà lápá kejì òpó, ó káwọ́ gbera. "Bàbá, ẹ má bínú. Èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ló ṣáájú."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ ra awò tuntun," ni Ẹ̀fúùfù wí láti ìdí òpó. "Wọ́n dọ́gba."

"Èmi lo ń bá sọ̀rọ̀ awò?" Tíṣà Àgbà ti ń dìde.

"Ẹni tó gba ife mi ni mò ń bá wí, sà."

"Ife ta ni?" ni Apínlẹ́tà bi í. "Ife tí mo fi ń mu omi láràárọ̀, o wá ń pè é ní tìẹ?"

Ìyá Sípáná dúró láàárín wọn, ó gbójú sókè wo wáyà rẹ̀. Mẹ́ta péré ni wọ́n, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n rí i. Bó bá wá di igba èèyàn ńkọ́? Wáyà yìí kò parí ìjà kankan. Ìjà tuntun ló fẹ́ bí. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé, òun á tún un wò. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó rí alábòójútó pápá lọ́nà jíjìn, ó ń fi okùn wọn ilẹ̀, láti orí ìlà funfun dé ẹnu géètì. Kò béèrè ohun tó ń wọ̀n. Ó mọ bí mọ́tò ṣe máa ń gùn tó.

Ọjọ́ méjì ni kò fọwọ́ kan wáyà náà. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, torí ọwọ́ tó dilẹ̀ ni ọkàn máa ń gùn. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé rímù kan tó wọ́ wá fún un. Ó gbé e kọ́, ó ń yí i, ó dijú kan, ó ń fi ojú kejì wo àyè tó wà láàárín rímù àti rọ́bà bíréèkì. Àyè náà dọ́gba. Eṣinṣin kan bà lé e lẹ́rẹ̀kẹ́, ó gbọn orí. Àyè náà kò dọ́gba mọ́. Ó dá orí padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ó tún dọ́gba.

Ó dá ọwọ́ dúró.

"Kì í ṣe rímù ló rìn," ló sọ fún eṣinṣin náà. "Orí mi ló rìn."

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Bí ojú ẹni kò bá sí lórí ìlà funfun gan-an, bí ó bá fi ìgbésẹ̀ kan péré yà sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ tó wà nítòsí á dà bí ẹni tó ṣáájú. Bó bá yà síwájú, èyí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ló máa dà bí ẹni tó ṣáájú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi téèyàn dúró sí ní òkèèrè náà lọ́rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Wáyà nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa sọ fún adájọ́ bóyá ojú rẹ̀ wà níbi tó yẹ.

Ó rántí okùn tí àwọn bíríkìlà máa ń so irin mọ́, tí wọ́n fi ń wo ògiri bóyá ó dúró ṣánṣán. Ó gé wáyà méjì míì. Ó so ọ̀kan rọ̀ láti òkè òpó tó wà nítòsí, ó so èkejì rọ̀ láti òkè òpó tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi pẹ́dà àtijọ́ kọ̀ọ̀kan fà wọ́n wálẹ̀. Ó kun ti ọ̀ọ́kán ní ọ̀dà pupa, ó sì kun ti ìtòsí ní dúdú. Atẹ́gùn ń gbá wọn kiri. Ó gbé agolo ọ́ìlì ìdọ̀tí kan sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ri pẹ́dà náà sínú ọ́ìlì, wọ́n sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó rí ọmú mu.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó tún pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì wà níbi tí wọ́n wà lọ́jọ́sí.

"Ẹ jókòó, sà. Ẹ dijú kan. Kí lẹ rí?"

"Mo rí wáyà dúdú. Mo tún rí pupa lẹ́yìn ẹ̀, lápá ọ̀tún."

"Bẹ́ ẹ bá ń rí pupa, ẹ ò tíì jókòó dáadáa. Ẹ sún."

Tíṣà Àgbà gbé àga sún díẹ̀. "Ó ṣì wà." Ó tún sún. "Ó ṣì wà." Ó sún títí tó fi di ìgbésẹ̀ kan odindi. "Kò sí mọ́. Dúdú ti bò ó."

"Ó dáa. Kẹ̀kẹ́ wo ló ṣáájú?"

Tíṣà Àgbà tẹjú mọ́ ọn, ó gbójú kúrò, ó tún tẹjú mọ́ ọn. "Kò sí èyí tó ṣáájú," ló wí nígbẹ̀yìn. "Wọ́n dọ́gba."

Apínlẹ́tà jókòó sórí àga náà, ó wò ó. "Wọ́n dọ́gba," lòun náà wí, bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀.

Tíṣà Àgbà kò gbọ́ ọ. Ó yíjú sí ibi tí àga rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ mẹ́rin àga ti gbẹ́ ihò kéékèèké mẹ́rin sílẹ̀ lábẹ́ igi. "Ẹ̀fúùfù," ló wí, "lọ́dún tó kọjá, ibo ni mo jókòó sí?"

"Abẹ́ igi, sà. Ẹ ní oòrùn ń pa yín."

"Ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn ìlà."

Ìyá Sípáná mú okùn kan, ó so ó mọ́ ìdí òpó ọ̀ọ́kán, ó sì fà á wá dé ihò mẹ́rin tó wà lábẹ́ igi náà. Gbogbo wọn rí i bí okùn náà ṣe gba ẹ̀yìn ìlà kọjá, lápá ibi tí àwọn tó ń sáré ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ń sáré lápá ìtòsí á ti kan okùn náà kó tó kan ìlà, tó bí ìdajì táyà ṣáájú ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ìyẹn sì ju ìnípọn táyà lọ dáadáa.

"Ìbòji ló dá ẹjọ́ yẹn," ni Tíṣà Àgbà wí. "Kì í ṣe èmi. Ìbòji ni."

Ẹ̀fúùfù wo Apínlẹ́tà. Apínlẹ́tà ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Omi tó o ń mu láràárọ̀ yẹn," ni Ẹ̀fúùfù wí, "ṣó dùn?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í korò," ni Apínlẹ́tà dáhùn.

Ìyá Sípáná ri ẹsẹ̀ àga náà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn òpó ìtòsí, kó má lè rìn mọ́. Ó sì so agbòòrùn ńlá kan mọ́ ọn, kó lè jẹ́ ìbòji ló ń tẹ̀ lé àga, kì í ṣe àga ló ń tẹ̀ lé ìbòji.

Lọ́jọ́ ìdíje, pápá kún. Alábòójútó pápá dúró sí ẹnu géètì, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ kan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Tíṣà Àgbà dìde. Ìyá Sípáná ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ àṣìṣe ọdún tó kọjá síta, kí ìjà àná má baà jí. Tíṣà Àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, eékún òun sì ti ń dun òun tẹ́lẹ̀.

"Lọ́dún tó kọjá," ló wí, "mo jókòó síbi tí kò yẹ, mo sì dá ẹjọ́ tí kò tọ́. Ẹ̀fúùfù ló ṣáájú."

Ariwo sọ. Ọkùnrin tí fìlà rẹ̀ sọnù ló kọ́kọ́ dìde. "Kí wọ́n dá ife padà! Kí wọ́n dá fìlà mi náà padà!" Alábòójútó pápá tú kọ́kọ́rọ́ géètì kúrò lára ìyókù. Ìyá Sípáná rí i.

Apínlẹ́tà ló gbọ́wọ́ sókè láti orí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Èmi tí ọ̀rọ̀ kàn ò tíì pariwo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá wòran ń pariwo. Ẹ jẹ́ ká sá tòní ná."

Ìyá Sípáná lo àǹfààní ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó pe èèyàn mẹ́ta láti apá kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n wá jókòó sórí àga náà níkọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin onífìlà wà lára wọn. Ó gbé orí sọ́tùn-ún, ó ní òun rí pupa. Ó gbé e sáàárín, ó ní kò sí mọ́. Ó tún gbé e sósì, pupa yọ lápá kejì, ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Wọ́n ní láti bẹ̀ ẹ́ kó tó dìde.

Eré bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èèyàn mẹ́wàá ló wà níwájú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, wọ́n ti ku márùn-ún. Ẹni tó ń kó ìwé ìròyìn fi ṣéènì rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, àwọn méjì náà ló kù. Ẹ̀fúùfù wà lápá ìtòsí lọ́tẹ̀ yìí, Apínlẹ́tà wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ní kọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, táyà Ẹ̀fúùfù wà níwájú. Lẹ́yìn náà, kò sí níwájú mọ́. Wọ́n ń bọ̀, wọ́n dorí kodò, ẹsẹ̀ wọn kò ṣeé kà. Ìyá Sípáná mọ bí ọmọ náà ṣe máa ń mí bó bá rẹ̀ ẹ́. Ó ń gbọ́ ọ láti ibi tó wà. Ó fẹ́ pariwo orúkọ rẹ̀, ó sì rántí pé òun ló ni wáyà. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Wọ́n kọjá lábẹ́ wáyà.

Gbogbo ojú yí sí àga. Tíṣà Àgbà ṣì dijú kan. Ó là á.

"Dúdú bo pupa pátápátá," ló wí. "Apínlẹ́tà ni. Ìnípọn táyà."

Alábòójútó pápá ń wo àwọn èèyàn, àwọn èèyàn ń wo Ẹ̀fúùfù. Ẹ̀fúùfù yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, òógùn ń kán tótó lójú rẹ̀, ó sì wá síwájú Ìyá Sípáná.

"Àǹtí, wáyà ta nìyí?"

"Wáyà mi ni."

"Ṣé kò lè ṣìnà?"

"Kò mọ̀ ọ́, kò mọ èmi náà. Ìdí tí mo fi gbà á gbọ́ nìyẹn."

Ẹ̀fúùfù pòṣé. Ó gbójú sókè wo wáyà náà fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀yin náà ò tiẹ̀ lè fi ojú àánú nà án," ló wí, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rìn lọ bọ Apínlẹ́tà lọ́wọ́.

Ọkùnrin onífìlà ti la ẹnu láti ké. Ó wo ọmọbìnrin náà, ó pa á dé. "Bí ẹni tó pàdánù bá ti gbà," ló sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "ọ̀fun èmi ni màá wá fi san án?"

Apínlẹ́tà gba ife tuntun. Lẹ́yìn náà, ó ki ọwọ́ bọ inú àpò lẹ́tà rẹ̀, ó yọ ife ọdún tó kọjá, ó sì nà án sí Ẹ̀fúùfù.

"Lẹ́tà rẹ nìyí. Ó pẹ́ díẹ̀ lọ́nà."

"Ṣó o fọ̀ ọ́?"

"Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Nígbà tí èrò túká, alábòójútó pápá wá bá Ìyá Sípáná níbi tó ti ń da ọ́ìlì agolo padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Ó tú kọ́kọ́rọ́ kan kúrò lára ìyókù, ó nà án sí i. Kì í ṣe ti géètì.

"Yàrá tó wà lábẹ́ ibi ìjókòó àwọn òǹwòran," ló wí, "lẹ́yìn àga adájọ́. Òrùlé ẹ̀ kì í jò. Ẹni tó bá ń tọ́jú wáyà yẹn ló ni ín, Ìyá, níwọ̀n ìgbà tí ìdíje bá ń wáyé níbí. Ó sì máa wáyé." Ó rò ó wò bóyá òun ti sọ̀rọ̀ jù, ó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Sípáná kó irinṣẹ́ rẹ̀ wọ yàrá náà: ẹ̀mú, sípáná mẹ́rìndínlógún, rímù tó wọ́, agolo nọ́ọ̀tì, róòlù wáyà. Ògiri gidi mẹ́rin ni, fèrèsé kan sì wà tó kọjú sí ọ̀nà eré. Ó gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ fèrèsé náà, ó jókòó, ó dijú kan, ó wo ìta láàárín òpó méjèèjì.

Ó rí pupa.

Ó dìde, ó ti tábìlì náà sọ́wọ́ òsì ní ìdajì ìgbésẹ̀, ó tún jókòó. Dúdú nìkan ló kù. Ó mú rímù tó wọ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.